Ẹwà Erin, Ẹkún Ọdẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí á sọ pé a rí erin. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá pa òwe yìí fún lè ti bá ipa ẹsẹ̀ erin pàdé lọ́nà oko. Lónìí, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń pàdé rẹ̀, pàápàá nínú ìjálá tí a ti kọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kíka ìjálá erin fi ń mú ìbànújẹ́ kan wá tí àwọn baba ńlá wa kò mọ̀.

Ìjálá ni ewì àwọn ọdẹ àti olùsìn Ògún. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí àkóónú àti ìhun ìjálá jáde ní ọdún 1966, oríkì àwọn ẹranko igbó wà lára ohun tó kó jọ síbẹ̀. Ohun ìyanu ni pé ọdẹ tó ń dọdẹ erin náà ló ń kì í. Ó ń yin títóbi rẹ̀, ó ń yin ọwọ́jà rẹ̀, ó ń yin ìrìn rẹ̀ tó ń sọ igbó di ọ̀nà. Ẹni tó ń gbọ́ ìjálá náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí àwàdà pọ̀ nínú rẹ̀. Láìpẹ́, ara rẹ̀ á bù máṣọ, nígbà tó bá rántí pé ẹ̀dá tí wọ́n ń yìn báyìí ni wọ́n fẹ́ pa.

Bí ọdẹ fúnra rẹ̀ bá wá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé níbi ìṣípà ọdẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá máa ń yá ikú erin lò láti fi túfọ̀ ẹni ńlá: wọ́n á ní erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Ọ̀rọ̀ yìí a máa da omi lójú ẹni tó ti ń gbìyànjú láti mú ara le.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò túfọ̀ erin? Ní ọdún 2021, àjọ IUCN kéde pé erin inú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ewu ńlá láti parun. Ní Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Àwọn agégẹdú ń gé igi, oko kòkó ń jẹ igbó wọlé, àwọn kan sì ń wá eyín erin. Oríkì tí a fi ń ṣàríyá ti fẹ́ di ìrèmọ̀jé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀.

Nínú kíláàsì, àfiwé, àwítúnwí àti ìfohùnpènìyàn ni a sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí nínú irú ewì yìí. Iṣẹ́ tó dára ni, ìdánwò sì ń bèèrè rẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó kà á tán, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, tó sì bèèrè bóyá erin ṣì wà nínú igbó wa, ti lóye ewì náà kí ó tó dárúkọ ọnà èdè kankan. Ó yẹ kí olùkọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàyè láti dákẹ́ díẹ̀. Ewì náà ti jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí ojú òun kò rí rí lè jẹ́ àdánù òun.