Àrọ̀ Dé Kúbà: Ẹja Onílé àti Ẹja Àlejò ní Àbàtà Zapata

Bí a bá dárúkọ Kúbà láàárín wa, òrìṣà tó rékọjá òkun lọ síbẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká bá ẹja lọ.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà ńlá kúrò ní Havana sí ìlà-oòrùn, bó bá dé Jagüey Grande ní ìpínlẹ̀ Matanzas, yóò yà sí gúúsù. Ilẹ̀ ìrèké ni Matanzas. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ sóko ẹrú láyé àtijọ́, títí oko ẹrú fi parí ní Kúbà ní 1886. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ọ̀nà ṣe ń lọ ni ìrèké ń tán, tí ilẹ̀ ń rọ̀, tí omi ń gbalẹ̀. Àbàtà Zapata nìyẹn. Kò sí àbàtà tó tóbi tó o ní gbogbo erékùṣù Caribbean.

Ní La Boca, ọkọ̀ ojú omi á gba odò tóóró kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, á sì já sí adágún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Laguna del Tesoro, ìyẹn Adágún Ìṣúra. Ìtàn wọn ni pé àwọn Taíno, onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ju ìṣúra wọn sínú omi náà kí ọwọ́ àwọn ará Spain má bàa tẹ̀ ẹ́. Bóyá wúrà wà níbẹ̀ o, bóyá kò sí. Ìṣúra ẹlẹ́mìí kan wà níbẹ̀ ṣá.

Manjuarí lorúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ọ̀nì, ìpẹ́ rẹ̀ le koko, òun fúnra rẹ̀ sì lè gùn tó mítà 2. Ó máa ń yọrí sójú omi wá mí afẹ́fẹ́. Májèlé ni ẹyin rẹ̀ fún ọmọ èèyàn. Ìdílé ẹja tó ti jáde wá ti wà láyé fún ohun tó ju mílíọ̀nù ọdún 100 lọ, ṣùgbọ́n manjuarí fúnra rẹ̀, Kúbà nìkan ló wà. Ó ti ṣọ̀wọ́n báyìí, débi pé wọ́n ń tọ́ ọmọ rẹ̀ ní Zapata, wọ́n sì ń dá wọn padà sómi kó má bàa parẹ́.

Ẹja onílé méjì mìíràn tún wà. Ọ̀kan ni biajaca, tó jọ epìyà díẹ̀. Ẹja mẹ̀kúnnù ni, ọmọdé tó ní ìwọ̀ àti ekòló lè mú un wálé fún ọbẹ̀. Èkejì ni guabina, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ ṣáà mọ ipò àrọ̀ nínú ìbọrí nílé wa. Nígbà tí àwọn Lucumí dé Kúbà, kò sí àrọ̀ nínú odò ibẹ̀. Guabina ni wọ́n rí lò, òun ni àwọn ọmọ wọn sì fi ń bọ orí títí dòní. Wọn ò kó ẹja kankan wá látilé. Ohun tí omi ibẹ̀ ní ni wọ́n fi bẹ orí.

Àwọn tó wá fi ẹja ṣeré ní tiwọn kì í wá manjuarí tàbí guabina. Trucha ni wọ́n ń wá, ẹja ẹlẹ́nu gbàgà tó máa ń fò sókè bí ìwọ̀ bá gbé e. Ọmọ Amẹ́ríkà ni trucha. Ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni wọ́n kó o wá sí omi Kúbà. Àwọn àlejò máa ń ti òkèèrè wá sí Laguna del Tesoro àti adágún Hanabanilla nítorí rẹ̀. Wọ́n á mú un, wọ́n á yà á ní fọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì dá a padà sómi. Owó ń wọlé fún ọlọ́kọ̀ ojú omi àti alásè, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọmọ biajaca ni trucha ń gbé mì. Ẹja tí àlejò gbé dání nínú fọ́tò náà, àlejò bíi tiẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní 1999 àti 2000, nígbà tí oúnjẹ wọ́n wọn, ìjọba Kúbà kó àrọ̀ wá láti Malaysia àti Thailand láti máa sìn ín. Àrọ̀ tiwa gan-an wà nínú wọn, ẹja Áfíríkà tí wọ́n ti kó lọ sí Éṣíà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan láti Éṣíà. Claria ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òjò ńlá rọ̀, kòtò ẹja kún àkúnya, àrọ̀ bá jáde. Ẹ sì mọ àrọ̀: bí omi bá gbẹ, á wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù lọ sínú òmíràn. Gbogbo ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Ó ti wọ Zapata, ẹyin àti ọmọ ẹja onílé ti di oúnjẹ rẹ̀.

Ẹja tí à ń fi tu orí lójú nílé wa ló di ìyọnu nílé ẹlòmíràn. Ṣé àrọ̀ ló burú ni? Rárá o. Nínú odò tiwa, òun àti àwọn ẹja yòókù jọ dàgbà ni, wọ́n mọ ara wọn. Ní Kúbà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó lè ká a lọ́wọ́ kò. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó kó o síbẹ̀ láìwo ilé ló ni ẹjọ́.

Ẹ rántí Òṣogbo. Àtẹ́wọ́gbẹja ló di Àtàọ́ja. Ọba tẹ́wọ́, Ọ̀ṣun ló fún un ní ẹja, láti inú omi Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Títí dòní, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Omi ló ń yan ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa o. Nígbà mìíràn, ẹbọ máa ń ní ká dá ẹja sílẹ̀ láàyè. Bí ẹ bá wà nílùú òkèèrè, ẹ má kàn ra àrọ̀ lọ́jà kí ẹ sì jù ú sódò tó bá sún mọ́ yín. Àrọ̀ Áfíríkà ti bọ́ sínú odò ní Brazil, ìbátan rẹ̀ láti Éṣíà sì ti wà ní Florida. Ẹ bi babaláwo tàbí ìyálórìṣà yín léèrè ẹja wo ló jẹ́ onílé nínú omi yẹn, bí àwọn Lucumí ṣe mọ guabina. Bó bá sì jẹ́ àrọ̀ náà lọ́rọ̀ kàn, ẹ jẹ́ kó parí sí ìdí orí àti inú ìkòkò ọbẹ̀.

Kí omi má gbẹ, kí ọmọ omi má tán. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.