Nígbà tí idà oníná bá yadi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ idà la gbé wá sí ojú ìwé yìí, àwa tí ẹ mọ̀ mọ́ fóníìmù àti ohùn. Ó ti lé lọ́dún méjì tí a ti ń lọ ran ẹgbẹ́ eré idà kékeré kan lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́ ní ọjọọjọ́ Sátidé. A kò mọ idà jà rárá. Iṣẹ́ tiwa ni kí a yẹ àwọn idà wò, kí a sì tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Fleuret mẹ́fà ni ẹgbẹ́ náà ní, épée mẹ́rin, àwọn ọmọ sì lé ní ogún. Bí idà kan bá kú, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò jókòó ti ògiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Irin tuntun, ilẹ̀ Faransé ló ti ń wá, kì í sì í dé kíákíá.

Ẹni tí kò mọ eré yìí lè rò pé ojú ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó gún ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà kan. Ṣùgbọ́n láti ìdíje Òlíḿpíìkì 1936 ni épée ti ń lo iná. Fleuret tẹ̀ lé e ní ti 1956. Sabre ló pẹ́ jù kó tó dé bẹ̀. Okùn kan wà tó so mọ́ idà nídìí èèkù, tó gba inú apá ẹ̀wù oníjà kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì dé ibi ẹ̀rọ. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú okùn yìí. Ẹ̀rọ ló ń tan iná pupa fún ẹnì kan, iná aláwọ̀ ewé fún ẹnì kejì.

Ohun tó gbà wá lọ́kàn ni pé épée àti fleuret kì í sọ èdè kan náà. Nínú épée, wáyà méjì ló gba ojú irin lọ dé ṣóńṣó, wọn kì í sì í fara kanra. Bí ṣóńṣó bá kan èèyàn tó sì rì wọlé, wáyà méjèèjì so, iná tàn. Ti fleuret yàtọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ló gba ojú irin rẹ̀, iná sì ń ṣàn nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kò kan nǹkan. Gígún ló ń já a. Ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ẹ rántí ohùn àárín nínú èdè wa: a kì í fi àmì kankan sí i lórí, àìsí àmì yẹn gan-an la sì fi ń dá a mọ̀.

Nítorí náà, àrùn kan náà ń fara hàn lọ́nà méjì. Bí wáyà bá já nínú épée, ẹ fi gún ògiri títí di alẹ́, iná kan kò ní tàn. Bí ó bá já nínú fleuret, iná funfun yóò tàn kí ẹnikẹ́ni tó mira, nítorí ẹ̀rọ rò pé idà ti kan ibi tí a kì í gún. Àwọn ọmọ ti fún wọn lórúkọ kí a tó dé ibẹ̀. Épée tí kò tàn, «ó kú». Fleuret tó ń tan iná funfun ṣáá, «ó ń pariwo». Èyí tó tàn lẹ́ẹ̀kan tí kò tún tàn mọ́, «ó ń purọ́». A kò tíì rí orúkọ tó dára ju ìwọ̀nyí lọ nínú ìwé Faransé tí a ń kà.

Ìwé yẹn ló sì kó ìyọnu bá wọn. Ó pe épée tí a kò tíì fi gún nǹkan ní «circuit ouvert». Ọmọ tí yóò bá sọ ọ́ ní Yorùbá á ní «ó ṣí». Bẹ́ẹ̀, nílé wa, ohun tó bá ṣí ni nǹkan ń gbà kọjá: a ṣí ilẹ̀kùn, èèyàn wọlé, a ṣí ẹ̀rọ omi, omi dà. «Circuit ouvert» sì ni èyí tí iná kò lè gbà kọjá! Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n sọ òdì kejì, kì í sì í ṣe pé wọn ò lóye. A pa ọ̀rọ̀ ìwé tì, a ní kí wọ́n máa sọ pé «ó so» tàbí «ó já». Ọjọ́ náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ohun èlò tí a fi ń yẹ idà wò kò ju píìlì kan, gílóòbù kékeré kan àti wáyà méjì lọ, gbogbo rẹ̀ nínú agolo sàdínì. Fún fleuret, gílóòbù yóò máa tàn, yóò sì kú tí a bá tẹ ṣóńṣó. Fún épée, ó di ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ kó tó tàn. Àmọ́ gílóòbù kì í sọ gbogbo òótọ́. Ó lè tàn dáadáa nígbà tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ síí dí iná lọ́nà. Multimètre ló ń sọ ìyẹn: idà kò gbọdọ̀ ju ohm méjì lọ, wáyà kọ̀ọ̀kan nínú okùn ara kò gbọdọ̀ ju ohm kan lọ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òógùn àwọn ọmọ ni ọ̀tá wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kàn máa tú vis kéékèèké méjì tó di ṣóńṣó fleuret mú, a ó yọ ressort, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọtí ilé ìwòsàn fọ ẹ̀gbin inú rẹ̀, idà á tún máa fọhùn. Bí wáyà bá já nínú okùn, a ó fi òjé jó o pọ̀. Bí ó bá já lójú irin, ìyẹn ti le.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Ressort fleuret gbọ́dọ̀ lè ti gíráàmù 500 sókè, ti épée 750. Fún épée, a tún ń fi irin pẹlẹbẹ méjì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: èyí tó nípọn tó mìlímítà 1.5 gbọ́dọ̀ wọlé. Tí èyí tó jẹ́ 0.5 bá wà níbẹ̀ tí a tẹ ṣóńṣó, iná kò gbọdọ̀ tàn.

Ẹ má rò pé àṣejù ni. Ní Montreal ní 1976, nínú ìdíje pentathlon, épée Boris Onischenko ti Soviet tan iná sí Jim Fox ti Bìrìtìkó láìkàn án. Fox ní kí wọ́n yẹ idà náà wò. Wọ́n tú u, wọ́n sì bá bọ́tìnnì tó fara sin nínú èèkù. Ẹ̀yin náà ti rí bó ṣe ṣeé ṣe: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé síso ni épée fi ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá so wáyà méjèèjì níbikíbi ti sọ pé òun gún èèyàn. Wọ́n lé e kúrò, àwọn ará Bìrìtìkó ló sì gba góòlù ti ẹgbẹ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tẹ èèkù idà kì í béèrè ikú tó pa bàbá òun; kò sẹ́ni tó ronú pé èèkù lè ní bọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mú wa kọ èyí, ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan ni. Wọ́n fẹ́ yan ọmọ mẹ́rin tí yóò lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn jà. Ó ń gún ọmọkùnrin kan lábẹ́ abíyá, iná funfun ló ń tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Olùkọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Maître, ní ọwọ́ rẹ̀ ló ń wálẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí wa, omi ti dé ojú rẹ̀: «Ẹ̀gbọ́n, mo gún un níbẹ̀ o. Ẹ bá mi wò ó.»

Ohun tí a ṣe kò ju ohun tí wọ́n kọ́ wa ní fonọ́lọ́jì lọ. Láti mọ̀ bóyá ìró méjì jẹ́ fóníìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ pààrọ̀ ìró kan ṣoṣo, ẹ má fọwọ́ kan ìyókù, kí ẹ wo bóyá ìtumọ̀ yí. A pààrọ̀ idà rẹ̀: iná funfun. A dá idà náà padà, a pààrọ̀ okùn ara: iná funfun. A ní kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ: funfun síbẹ̀. Nígbà tí a wá bọ́ ẹ̀wù onírin ọmọkùnrin náà, tí a fi ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, iná pupa tàn. Multimètre fi hàn pé àyà ẹ̀wù náà ṣì dára, ṣùgbọ́n òógùn ti jẹ òwú irin tó wà lábẹ́ abíyá tán. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju ohm márùn-ún lọ. Níbẹ̀, iná kò kọjá rárá. Ọmọkùnrin yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Maître ní kí wọ́n tún ìjà náà jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó parí sí 5 sí 3, ọmọbìnrin náà sì wà nínú àwọn mẹ́rin.

A ti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àfi wáyà kẹta, èyí tó so mọ́ abọ́ irin tó bo ọwọ́, tí Faransé ń pè ní «masse». Àwọn ajórin ní Àjàṣẹ́ náà «masse» ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá ti gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn ajórin ibẹ̀, kó jọ̀wọ́ wá sọ fún wa.