Báírò Méjì Lórí Orúkọ Kan

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í rọlẹ̀, ni òǹkọ̀wé yìí ti rí i. Ìwé ètò ìsìnkú ni, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ẹ̀rọ. Lábẹ́ àwòrán bàbá olóògbé, orúkọ àwọn ọmọ tò sílẹ̀. Ẹnì kan ti fi báírò pupa pa orúkọ kejì rẹ́. Ẹlòmíràn ti fi búlúù dá a padà. Atẹ̀wé ní òun ò ní í tẹ nǹkan kan títí ẹbí yóò fi fẹnu kò.

Báírò méjì yẹn kò kúrò lọ́kàn òǹkọ̀wé yìí. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí ìdílé ti kọ́kọ́ jókòó ka ọmọ tí bàbá wọn bí?

Ìwé ìhágún, èyí tí òbí fi ń sọ bí wọn yóò ṣe pín ogún rẹ̀, ló yẹ kó ti yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ọ̀rọ̀ olówó tàbí ti arúgbó. Ará Igbóbì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ló ń gba àwọn tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ṣe léṣe lónìí. Ọ̀dọ́ wà nínú wọn, tí wọ́n kí ará ilé pé ó dàárọ̀ kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún ló mú òǹkọ̀wé yìí rántí ilé kan ládùúgbò tó gbé ní kékeré, ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn. Nígbà tí onílé kú, ọmọ méjì tí ìyá wọn yàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já rìsíìtì fún ayálégbé kan náà. Ìyá alákàrà tó wà ní yàrá ìta san owó ilé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fi rìsíìtì méjèèjì sí abẹ́ tíńnì iyọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà. Bàbá tó kọ́ ilé ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé yìí kọ́kọ́ rò pé ó léwu jù. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ló yí èrò rẹ̀ padà. Suberu Dáwódù kú ní Èkó láìṣe ìwé ìhágún, ìyàwó 4 bí ọmọ 9 fún un. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín ogún ní orí-ò-jorí, ìyẹn ọgbọọgba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà da ìyẹn nù ní 1958, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fara mọ́ ọn ní 1962: ìdí-igi ni àṣà. Ọ̀nà 4 ni, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ní òun nìkan yóò gba odidi ìpín kan. Níbi tí ìyá bá ti bí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò pín ẹyọ kan. Bàbá tó ní ọgbọọgba ni òun fẹ́ràn àwọn ọmọ òun, tí kò sì kọ ìwé ìhágún, ti pín wọn láìdọ́gba, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá jà. Opó kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò náà: nínú ẹjọ́ Akínnúbí ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. (Òfin mìíràn ló wà fún ẹni tó ṣègbéyàwó kóòtù.)

Kíkọ ìwé ìhágún kò le. Ní Èkó, ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè ṣe é. Kó buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí má ṣe jẹ́ ẹni tó ní ìpín nínú rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀bùn náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ń gba ìwé náà tọ́jú.

Ẹ̀yin òbí ní Igbóbì, Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ lọ́dún yìí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ yín sí i, títí kan èyí tí ẹ bí síta, kí ẹ sì sọ ibi tí ìwé wà fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán.