Àlàájà ní kí n lọ ya ọmọ òun wá nínú òkùnkùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa, ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkùnkùn ṣe fàájì níbẹ̀. Tí wọ́n bá na kánópì sójú títì ní Ìdúmàgbò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹnu Ọ̀wá, iná ni wọ́n á kọ́kọ́ tàn, kí onílù tó dé, kí ọbẹ̀ tó jinná. Àwa fọ́tò tá a ń jẹun nídìí òde, fíláàṣì ni oògùn wa. Ojú gbọ́dọ̀ mọ́, gèlè gbọ́dọ̀ yọ, owó tí wọ́n ń ná gbọ́dọ̀ hàn débi téèyàn á fi lè kà á. Fọ́tò tó bá ya àwòrán dúdú fún wọn, kò ní í gbowó, wọ́n á sì tún bú u mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí Àlàájà kan ládùúgbò wa gbé fún mi fi já mi láyà. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ló pè mí, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Fọ́tò, jọ̀ọ́, wá." Àbíkẹ́yìn ẹ̀ ló ń gbé gìtá jáde lálẹ́, aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀, ìdájí ló ń wọlé. Àwọn aládùúgbò ti ń sọ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ó bi ọmọ, ọmọ ní orin ni, pé "metal" ni wọ́n ń pè é. Àlàájà ní, "Wọ́n ní irin ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orin wo ló ń jẹ́ irin? Bá mi lọ síbẹ̀, kó o yà á wá, kí n fojú ara mi rí i."

Lálẹ́ Sátidé, mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Tinúbú, mo bọ́ sí Broad Street. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní í ríbi fẹsẹ̀ sí níbẹ̀. Lálẹ́, báńkì ti tì, ajá lè sùn sójú títì. Mo kọjá níwájú Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀ o. Ọdún 1882 làwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi amọ̀ àti koríko kọ́ ọ, àwọn tínú ń bí ń ju iná sí i, títí tí wọ́n fi kó bíríkì wá láti ìlú òyìnbó lọ́dún 1885. Macaulay sùn níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà sùn níbẹ̀. Lọ́dún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n sì di orí ìtàgé táwọn olórin ń dúró sí.

Ibi tí mò ń lọ kò tóbi tó ìyẹn. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ládùúgbò ibẹ̀, kò fẹ̀ ju kíláàsì iléèwé lọ. Gílóòbù méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Ọmọ Àlàájà rí mi lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, màámi ló rán yín, àbí?" Mi ò purọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ yà mí dáadáa o."

Ariwo ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ẹ fojú inú wo jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń kọrin. Àmọ́ mo ti wádìí ẹ̀ kí n tó lọ. Tony Iommi, onígìtá Black Sabbath ní Birmingham, ilé iṣẹ́ irin ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka ẹ̀ méjì. Ó fi ike ṣe orí ìka míì, nígbà tó yá ó dẹ okùn gìtá kó má baà máa dùn ún, ohùn gìtá bá wálẹ̀, ó wúwo. Ọdún 1970 ni rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde. Èkó náà ò sì sùn: ní 1973, àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's l'Óbáléńdé tí wọ́n ń pè ní Ofege gbé Try and Love jáde, BLO náà gbé tiwọn jáde lọ́dún yẹn, gìtá ń ké fatafata. Ta ló pe ìyẹn ní ẹgbẹ́ òkùnkùn?

Mo lo fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn rí bí àwọn tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Òkùnkùn tó gbé wọn níyì ti lọ, ògiri tó ń ṣí ló kù. Ojú tì mí, mo pa á. Mo ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu dé 1.8, mo gbé ISO sókè dé 6400, mo sì fi ọwọ́ ara mi tò ó sí ìdá kan nínú 160 ìṣẹ́jú-àáyá, torí bí kámẹ́rà bá dá a ṣe, dúdú tó yí wọn ká á tàn án, á pẹ́ lójú, gbogbo orí tí wọ́n ń fì á di èéfín. Iná pupa tún burú jù. Ojú ọmọ náà á kàn rí bí ẹ̀jẹ̀, kò ní í simú, kò ní í sẹ́rẹ̀kẹ́. Ṣé èyí ni kí n gbé fún Àlàájà? Dúdú àti funfun ni mo sọ wọ́n dà nígbà tí mo délé.

Etí ló gbà mí o, kì í ṣe ojú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé onílù wọn máa ń mí bí onígángan, á dá ọwọ́ dúró fẹ́ẹ́ kó tó tún já a lulẹ̀. Nígbà yẹn ni orí gbogbo wọn ń dúró. Ibẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọlu ara wọn níwájú, mo rò pé ìjà ni, àfi bí ọ̀kan ṣe ṣubú tí ọwọ́ mẹ́rin sáré gbé e dìde, tí wọ́n bá a wá bàtà ẹ̀.

Nínú àwòrán tó lé ní 300, mẹ́jọ ló dáa. Méjì ló dá ìjà sílẹ̀ nínú mi. Nínú ọ̀kan, ó la ẹnu gbàgà, ojú dì, iṣan ọrùn yọ, òógùn ń kán. Nínú ìkejì, eré ti parí, ó gbá Fanta mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀yin máa fi han ìyá yín? Ti Fanta ni mo gbé fún un. Ó wò ó, ó ní, "Fọ́tò, mi ò rán ọ lọ ya ẹni tó ń mu míńírà. Ìyókù dà?"

Mo fà á yọ nínú àpòòwé. Ó gbé e lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí oòrùn wà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bí bàbá ẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyí," ló sọ. Bàbá ọ̀hún ti di olóògbé. Wéré ló ń ṣe nígbà ayé ẹ̀, wéré tó bí fújì yìí náà, tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Òru ni, ariwo ni, ojú dídì ni. "Àwọn èèyàn bú òun náà nígbà yẹn, wọ́n ní ọmọ ìta."

Ó ní kí n bá òun tẹ ìyẹn ní ńlá, ó sanwó lójú ẹsẹ̀, kò ná mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà.

"Fọ́tò, tó o bá tún ń lọ, sọ fún un kó máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sínú aṣọ dúdú yẹn. Òógùn yẹn ti pọ̀ jù."