Bí A Bá Ta Ilé, Ta Ló Ni Ewúro?

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ta ilé, ohun púpọ̀ ni a máa ń kà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á: iye yàrá, kànga, géètì, òrùlé àti ìwé ilẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a ka ohun tó ń hù lẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìnkùlé ni ewé ọbẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni ewé àgbo ti ń wá, nígbà mìíràn ibẹ̀ náà ni owó oúnjẹ ti ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan tó lè dà bí eré lójú àwọn mìíràn: bí a bá ta ilé, ṣé a lè hú ohun tí a gbìn síbẹ̀ lọ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré nílé tiwa. Ní ọdún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Owó ìtọ́jú rẹ̀ ju agbára wa lọ, àwọn òbí mi sì pinnu láti ta ilé wa ní Ìbàdàn, kí a lọ máa gba ilé gbé. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní ara ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, pé ẹni tó bá wà láàyè lè tún ilé kọ́. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdí ewúro tó ogún ni Màámi ní lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ẹ̀fìnrìn àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń já ewúro yẹn, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n á sì tà á fún àwọn olóúnjẹ. Láti ìgbà tí Bàbá kò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́, owó ewúro ló ń ra búrẹ́dì àti ìwé wa.

Igi orógbó kan náà wà níbẹ̀. Bàbá ló gbìn ín ní ọdún tí wọ́n bí mi. Orógbó kì í tètè so. Ẹni tó bá gbìn ín lè retí èso rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so ni ọ̀rọ̀ títà ilé dé.

Agbẹjọ́rò tó kọ ìwé títà náà ló la ọ̀rọ̀ yé wa. Ó ní nínú òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó bá ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀, ti ilẹ̀ ni. Ẹni tó ra ilẹ̀ ti ra igi orí rẹ̀ pẹ̀lú, àyàfi bí olùtà àti olùrà bá fẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Ohun tó wà nínú ìkòkò tàbí nínú àpò, ti ẹni tó ń kó lọ ni.

Àṣà tiwa kò wo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ gan-an. Láyé àwọn bàbá wa, àlejò tí wọ́n fún ní ilẹ̀ dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé igi tó ń pẹ́ láyé máa ń sọ ẹni tó gbìn ín di ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òógùn ẹni tó gbin igi. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 pàápàá kò gbàgbé èyí: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, a máa ń ka irè oko orí rẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ san owó fún.

Nígbà tí Àlàájì tó fẹ́ ra ilé wa dé fún àsọyé ìkẹyìn, Màámi kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì sọ tẹnu wọn. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó san owó, ọ̀rọ̀ kan kù. Mo fẹ́ mú nínú ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lọ."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ilé ni mo wá rà, n ò wá ra ewúro. Ẹ hú gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n igi orógbó yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó wà lára ohun tó mú mi fẹ́ràn ibí."

Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu wọn mọ́, dáhùn láti orí àga wọn pé, "A ò ní gé e. Èso ọdún yìí nìkan ni kí ẹ jẹ́ ká ká."

Àlàájì ní, "Ẹ ká a, Bàbá. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà." Agbẹjọ́rò kọ ọ́ sínú ìwé, ìlà méjì péré, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ilé tí a ń gbé báyìí, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀. Nítorí náà, kí òjò tó wọlé dáadáa, a ti bu ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìyẹ sínú àpò ìrẹsì. Màámi gé ẹ̀ka ewúro tó ti gbó díẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, a sì rì wọ́n sínú àpò náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Àlàájì ti ní kí a hú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Màámi kò hu ìdí kankan. Wọ́n ní ewúro tí a gé yóò tún rúwé, ẹni tó ń bọ̀ náà yóò sì jẹ ọbẹ̀.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìmọ̀ tirẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí idà ni a yàn, nítorí èyí tí ewé rẹ̀ ti fẹ̀ láti kékeré kì í lágbára. A ha gbòǹgbò àti ibi tó dúdú lára rẹ̀ kúrò, kí a má bàa kó kòkòrò lọ. Ẹ̀gbọ́n Màámi gbà wọ́n sí oko wọn ní Ìkirè, ìlú tí a mọ̀ mọ́ dòdò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ní ti orógbó, a ká èso rẹ̀, a sì gbin ẹyọ mẹ́wàá sínú ọ̀rá. Orógbó a máa pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó hù. Nígbà tí mò ń kọ àròkọ yìí, méjì ti yọrí.

Ohun kan wà tí a kò fọwọ́ kàn rárá. Àbúrò mi fẹ́ gé pèrègún tó wà lẹ́yìn ilé, nítorí pé kò sí ibi tí a rì í sí tí kì í hù. Bàbá kọ̀. Ààlà àwa àti aládùúgbò ni pèrègún yẹn ń fi hàn. Ẹni tó bá hú u, ìjà ló fi sílẹ̀ fún ẹni tó ra ilẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti tẹni-tẹni. Ohun tó bá ṣeé pín, kí a mú ọmọ rẹ̀ lọ, kí a fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí kò ṣeé ṣí nípò, kí a gba èso rẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ẹ̀rí ààlà, kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ṣáájú owó ni kí a ti sọ ọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí ì bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lónìí lè di ẹ̀sùn olè lọ́la.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀rọ̀ títà ilé bá dé, ẹ rìn yí ẹ̀yìnkùlé yín ká kí ẹ tó pe ẹni tí yóò rà á. Owó ilé wa ti bá ìtọ́jú Bàbá lọ, a sì dúpẹ́ pé wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Ewúro inú àpò ìrẹsì ni Màámi ṣì ń tà ní ìrọ̀lẹ́.