Téèpù Nídìí Ẹ̀rọ Amúnimí

Ẹni tí ó bá ti rí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ yóò mọ̀ pé bí a bá fi ipá na awọ rẹ̀ ju bí ó ti lè gbà lọ, yóò ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, nídìí ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí ni mo sì máa ń wà. Ẹ̀rọ náà ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ó tó. Àwa ni a ní láti sọ fún un.

Láyé àtijọ́, mìlílítà 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni àwọn dókítà máa ń fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tí àrùn ti bà jẹ́ kì í ṣe odindi mọ́. Omi ti kún apá kan, apá kan ti pa dé. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù ni gbogbo afẹ́fẹ́ náà ń ya wọ̀. Ní ọdún 2000 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí wọn lórí aláìsàn 861 jáde. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní 12, nǹkan bí 40 nínú 100 ni ó kú; nínú àwọn tí wọ́n fún ní 6, 31 ni. Ẹ̀rọ kan náà, àìsàn kan náà!

Kílò wo wá ni? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Kì í ṣe èyí tí òṣùwọ̀n ń kà. Bí ènìyàn bá sanra, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í bá a sanra. Gíga rẹ̀ ni a fi ń ṣírò. Obìnrin tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 155, ìbáà wọn kílò 95, bí ẹni kílò 48 ni a ó kà á sí: nǹkan bí mìlílítà 290 ni tirẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé òṣùwọ̀n, 570 ni a ó máa tì sí i láyà, tọ̀sán tòru.

Ìdí nìyí tí téèpù fi ń wà lápò mi. Nọ́ọ̀sì kékeré kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún màmá yìí ni?" Mo ní aṣọ kọ́, èémí ni mo fẹ́ gé fún wọn. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò ṣeé fi ojú wọ̀n, pàápàá àwọn obìnrin kúkúrú; àwọn ni a máa ń fún ní àfúnjù jù lọ.

Àwọn ẹbí a máa bẹ̀ wá pé, "Ẹ jọ̀wọ́, àyà wọn kò gbé sókè dáadáa, ẹ fi kún un." N kò bá wọn wí, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dípò ìyẹn, ẹ bi wá léèrè bí a bá ti fi téèpù wọ̀n wọ́n.