Òjò Nínú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kánjú lè ṣi ibi tí ògiri gbé lanu mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún olùkọ́ kan ní Ìlọrin, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sínú ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó dolóògbé.

Honda Prelude onílẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eré tí iná iwájú rẹ̀ máa ń sùn ní ọ̀sán, tí í sì í yọjú ní alẹ́. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Prelude. Ti ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ ti ìran kẹta, èyí tí wọ́n ṣe láti 1987 títí di 1991. Ohun tí olóògbé fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni fèrèsé orí rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní sọ́ọ̀nrúùfù. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì, ìdérí irin kékeré orí ọkọ̀ yóò rọra fà sẹ́yìn, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ yóò sì fẹ́ wọlé. Nígbà tí ó kú, ohun kan ṣoṣo ni opó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà bàjẹ́ lójú òun.

Ní ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, opó yìí jókòó ní iwájú ọkọ̀. Omi tútù já bọ́ sórí gèlè rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó tú gèlè náà, ó ká a sórí itan, ó sì ń wo iwájú títí wọ́n fi délé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́.

Ara ro olùkọ́. Ó yẹ orí ọkọ̀ wò, ó sì rí i pé rọ́bà tí ó yí ìdérí náà ká ti gbó. Bí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ bá wà ní tuntun, ó máa ń rọ̀, ó máa ń kún àlàfo tí ó wà láàrin ìdérí àti òrùlé. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún àti ọyẹ́ ti mú un le, ó ti sán, ó sì ti pẹlẹbẹ. Olùkọ́ ra rọ́bà tuntun, ó sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Ó tú ìdérí sílẹ̀, ó bó rọ́bà àtijọ́, ó ha gbogbo gọ́ọ̀mù gbígbẹ kúrò, ó sì nu ojú irin títí ó fi mọ́ tónítóní. Àárín ẹ̀yìn ìdérí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ tuntun, kí ojú ibi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé má baà kọjú sí afẹ́fẹ́. Kò fa rọ́bà náà rárá, nítorí rọ́bà tí a bá fà yóò padà súnkì, yóò sì lanu. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ìdérí padà, ó sì tún un gbé títí etí iwájú rẹ̀ fi rẹlẹ̀ díẹ̀ sí òrùlé, tí ti ẹ̀yìn sì ga díẹ̀, kò ju mìlímítà kan lọ, kí afẹ́fẹ́ má baà máa súfèé níbẹ̀.

Ó wá ní, "Bàbá, ó ku ọ̀nà omi o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀la."

Olùkọ́ dáhùn pé rọ́bà ni òun ní kí ó pààrọ̀, òun kò bá a sọ̀rọ̀ ọ̀nà kankan. Ó san ìdajì owó, ó ní ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ kí òun tó san ìyókù.

Òjò rọ̀. Omi tún wọlé. Inú bí olùkọ́, ó lọ sí ibi iṣẹ́ ọmọ náà, ó sì pè é ní oníjìbìtì lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ó la ẹnu. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Olùkọ́ tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òwe yìí kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oníṣẹ́ mìíràn gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù dí gbogbo etí ìdérí náà pa, kí wọ́n kùn ún, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tokunbọ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó kù díẹ̀ kí olùkọ́ gbà, ṣùgbọ́n ó rántí ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bọ́tìnì náà. Ó gbé ọkọ̀ padà sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí fèrèsé orí ọkọ̀, ó sì fara balẹ̀ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí i pé gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ etí òrùlé, ó sì rí ihò kékeré kan ní igun iwájú méjèèjì. Láti inú ihò wọ̀nyí ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba inú òpó ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ síta. Ó bu omi ife kan, ó rọra dà á sí igun òsì. Omi náà kò lọ. Ó dúró, ó kún, ó sì ṣàn kọjá etí gọ́tà sára aṣọ inú òrùlé.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò fi ìgbà kankan gbé gbogbo iṣẹ́ lé rọ́bà lọ́wọ́. Rọ́bà ń dín agbára òjò kù. Omi tí ó bá yọ́ kọjá ni gọ́tà ń gbà, tí páìpù sì ń kó jáde. Ta ni ó wá dí páìpù? Olùkọ́ gbójú sókè, ó rí igi dongoyárò tí ó ń gbé ọkọ̀ sí abẹ́ òjìji rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kò lo wáyà líle, nítorí ó lè dá páìpù lu. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó rọra kì bọ̀ ọ́. Ewé jíjẹrà àti eruku ọyẹ́ jáde bí ẹrẹ̀ dúdú, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tó, tó, tó. Olùkọ́ dúró tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìyókù owó dání, ó lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò pè é sí kọ̀rọ̀. Lójú àwọn tí ó ti bú u ni ó ti sọ pé, "Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. O sọ fún mi, n kò gbọ́. Má bínú."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti tán." Ó gba owó náà, ó kà á, ó sì béèrè pé, "Ṣé ẹ fọ ti ẹ̀yìn náà? Méjì ṣì wà lẹ́yìn."

Olùkọ́ kò fọ ti ẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. "Ó di ọ̀la," ni ó wí.

Láti ìgbà náà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ náà ni ó ń fọ páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó sì ń fi gíríìsì sílíkọ́ọ̀nù pa rọ́bà lára. Kì í lo gíríìsì táyà, nítorí epo inú rẹ̀ lè ba rọ́bà jẹ́. Nígbà tí opó gbà láti tún wọ ọkọ̀ náà, òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lé gèlè rẹ̀, ó gbójú sókè, ó dúró. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà tí kò bá fún ọmọdé ní ọjọ́ kan sí i láti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, òjò ni yóò bá a parí rẹ̀.